Nígbà tí Ìwọ̀n Ọmọ Kò Bá Gòkè: Ibi tí A Ó Ti Wá Ohun Tó Fà Á

Bí nọ́ọ̀sì bá wo káàdì, tó ní ìwọ̀n ọmọ kò tó ọjọ́ orí rẹ̀, ọ̀pọ̀ ìyá ló máa ń gba ọ̀dọ̀ oníkẹ́mísí lọ tààrà. Wọ́n á ra oògùn ẹ̀jẹ̀, wọ́n á ra èyí tó ń mú ọmọ jẹun, wọ́n á tún fi fítámì lé e. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi owó yẹn sápò ná. Ìwọ̀n kì í sọ ohun tó ń ṣe ọmọ, ó kàn ń jẹ́ ká mọ̀ pé nǹkan kan ń ṣe é ni. Nǹkan ọ̀hún lè wà nínú àwo rẹ̀, ó lè wà nínú ara rẹ̀, ó lè jẹ́ láti ara ìyá rẹ̀ tàbí inú ilé tó ń gbé. Orí ìwé yìí yóò tọ́ yín sọ́nà bí ẹ ó ṣe wá a, láti ibi tó sábà máa ń wà lọ sí ibi tí kò wọ́pọ̀.

Ẹ má sì rò pé ọmọ yín nìkan ló ń ṣe. Ìwádìí ìjọba lórí ìlera àwọn ará ilé ní Nàìjíríà ní ọdún 2018 fi hàn pé nínú 100 ọmọ tí kò tíì pé ọdún 5, ìwọ̀n àwọn 22 ni kò tó ọjọ́ orí wọn. Ti òkè ọya burú ju tiwa lọ, ṣùgbọ́n kò sí àdúgbò tí ẹ máa dé ní ilẹ̀ Yorùbá tí ẹ kò ní rí irú wọn.

Káàdì yẹn kì í ṣe ìwé àjẹsára lásán

Ọ̀dọ̀ wa níbí ni káàdì ìdàgbàsókè ọmọ ti gbilẹ̀ lọ sí ibòmíràn. Ní nǹkan bí ọdún 1957, dókítà òyìnbó kan tó ń jẹ́ David Morley, tó ń bá ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà ṣiṣẹ́, bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ lé àwọn ọmọdé Ìmẹ̀sí-Ilé. Ó ń wọ̀n wọ́n, ó ń fi àmì síwèé, ó sì ń fa ìlà láti àmì kan dé èkejì. Ohun tí ìwé yẹn fi hàn ni pé kí ọmọ tó rù débi tí aládùúgbò yóò rí i, ìlà rẹ̀ á ti kọ́kọ́ tẹ́jú. Ohun kejì tí Morley ṣe ló wù mí jù: ó fi káàdì náà sọ́wọ́ ìyá ọmọ, kò tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù ọsibítù. Ìyá ló ni í, òun ló yẹ kó mọ̀ ọ́n kà.

Kíkà á kò sì le. Ìlà tó ń gòkè dára. Èyí tó tẹ́jú fún oṣù méjì gba ìbéèrè. Èyí tó ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn lọ́sẹ̀ yẹn gan-an.

Ẹ jẹ́ ká mú àpẹẹrẹ kan. Wọ́n bí ọmọkùnrin kan ní kílò 3.2. Nígbà tó pé oṣù 5, ó ti di 7.4. Ní oṣù 7, ó jẹ́ 7.7, ní oṣù 9, 7.7 náà ni. Ní oṣù 10, 7.6. Nínú òṣùwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2006, ọmọkùnrin olóṣù 10 tí kò bá tó kílò 7.4 ni a ń pè ní ẹni tí ìwọ̀n rẹ̀ kò tó. Ẹni tó bá wo 7.6 nìkan á ní kí ìyá máa lọ sílé, kò séwu. Èmi kò ní gbà. Ọmọ tó fi oṣù márùn-ún àkọ́kọ́ jèrè ju kílò 4 lọ, tó wá fi oṣù márùn-ún tó tẹ̀ lé e jèrè gíráàmù 200 péré, ìṣòro ti dé bá a. Ẹ tún wo ìgbà tó dúró: lẹ́yìn oṣù 6 ni, nígbà tí oúnjẹ ilé bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ẹnu rẹ̀. Káàdì ti fi ibi tí a ó ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí hàn wá.

Òdìkejì rẹ̀ náà wà. Ọmọbìnrin kan lè jẹ́ kílò 2.3 nígbà tí wọ́n bí i, kó wà nísàlẹ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lórí káàdì, ṣùgbọ́n kí ìlà rẹ̀ máa gòkè lóṣooṣù bí tiwọn. Ọmọ yẹn ń rìn dáadáa, ibi tó ti gbéra ló rẹlẹ̀. Bákan náà, ọmọ tí a bí ní oṣù méje, kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, ẹ yọ oṣù méjì kúrò nínú ọjọ́ orí rẹ̀ kí ẹ tó fi í wé ẹlòmíràn. Ẹ má sì jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ já yín láyà: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ọmọ tuntun ló máa ń fọn díẹ̀, ó lè tó ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n tí a fi bí i, á sì dá a padà kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn ìyẹn, ìwọ̀n ìbí rẹ̀ á di ìlọ́po méjì ní nǹkan bí oṣù 5 sí 6, á sì di ìlọ́po mẹ́ta bó bá pé ọdún kan.

Kí ẹ tó fòyà, ẹ rí i pé wọ́n wọ̀n ọ́n dáadáa. Ẹ wo abẹ́rẹ́ sikéèlì kí wọ́n tó gbé ọmọ sí i: orí òdo ló yẹ kó wà. Ẹ bọ́ aṣọ ọmọ, ẹ bọ́ ìlédìí, ẹ bọ́ fìlà àti ṣẹ́ẹ̀nì. Bí wọ́n bá fi suẹ́tà àti ìlédìí tó ti kún wọn ọmọ lóṣù tó kọjá, tí wọ́n wá wọ̀n ọ́n níhòòhò lóṣù yìí, á dà bí ẹni pé ó rù, bẹ́ẹ̀ aṣọ ni wọ́n bọ́.

Kí ọmọ tó pé oṣù 6

Ọmú nìkan. Mo mọ̀ pé gbogbo ilé ló ti gbọ́ ọ, síbẹ̀ nínú ìwádìí ọdún 2018 yẹn, ọmọ 29 péré nínú 100 tí kò tíì pé oṣù 6 ni kò jẹ ohun mìíràn pẹ̀lú ọmú. Omi ló sábà máa ń bà á jẹ́. Ìyá àgbà á ní, “Òùngbẹ ń gbẹ ọmọ yìí, ẹ ò rí bí ètè rẹ̀ ṣe rí?” Wọ́n á bu omi ṣíbí méjì-mẹ́ta fún un. Bẹ́ẹ̀, nínú 100 ìdá omi ọmú, bí 88 ló jẹ́ omi fúnra rẹ̀. Ikùn ọmọ tuntun kéré gan-an. Omi tàbí àgbo tó bá wọbẹ̀ ti gba àyè wàrà, kò sì ní ohun tó lè fi kún ara ọmọ. Bí omi náà kò bá wá mọ́, ìgbẹ́ gbuuru á tẹ̀ lé e.

Bí ó bá jẹ́ ọmú nìkan tí ìwọ̀n kò sì gòkè, ẹ wo bí ọmọ ṣe ń mu ún. Orí ọmú nìkan kọ́ ló yẹ kó wà lẹ́nu rẹ̀. Kó gba púpọ̀ nínú ibi dúdú tó yí i ká pẹ̀lú. Bí ọmú bá ń dun ìyá, tí orí rẹ̀ sì ń bó, ọmọ kò gbé e dáadáa nìyẹn. Ọmọ tuntun yẹ kó mu ọmú bí ìgbà 8 sí 12 láàárín ọ̀sán àti òru, kó sì tọ̀ tó ìgbà mẹ́fà lóòjọ́. Ìyá tó ń fi ọmọ sílẹ̀ lọ sọ́jà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ lè fún omi ọmú sínú ife tó mọ́, kí wọ́n dé e síbi tútù, kí wọ́n sì fún ọmọ mu kó tó pé wákàtí mẹ́rin.

Àwọn tí wọ́n ń fún ọmọ ní mílíìkì agolo ní ìṣòro tiwọn, owó ni. Agolo kan tó yẹ kó tán lọ́sẹ̀ kan ni wọ́n ń fà gùn: wọ́n á bu ṣíbí méjì síbi tí ó yẹ kí wọ́n bu mẹ́rin. Ìgò á kún, ọmọ á mu ún tán, á sùn, ìyá á sì máa rò pé ọmọ ti yó. Bí ẹ bá rí ọmọ tó ń mu mílíìkì púpọ̀ tó sì ń rù, ẹ fi ọgbọ́n béèrè iye ṣíbí tí wọ́n ń bù. Ẹ má bú ìyá náà o.

Àwo ògì

Ibí yìí ni mo ti rí i pé ìṣòro pọ̀ jù ní ilẹ̀ wa, ìdí nìyẹn tí n ó fi pẹ́ níbẹ̀.

Ẹ ronú sí bí a ṣe ń ṣe ògì. A rẹ ọkà fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta, a lọ̀ ọ́, a fi aṣọ sẹ́ ẹ. Eèrí tó kù sórí aṣọ, ewúrẹ́ ni a ń dà á fún, bẹ́ẹ̀ inú eèrí yẹn ni púpọ̀ nínú ohun tó ń fún ara lókun bá lọ. A wá bu ìwọ̀nba ògì tó kù sínú ìkòkò, a da omi gbígbóná lé e títí tó fi ń ṣàn, nítorí “ọmọ ni yóò mu ún, kò gbọdọ̀ ki.” Ikùn ọmọ kékeré kì í gbà ju nǹkan bíi mílílítà 30 lọ lórí kílò kan ìwọ̀n ara rẹ̀. Ọmọ kílò 8, bí ife tíì kan ni ikùn rẹ̀ á gbà lẹ́ẹ̀kan. Bí ife yẹn bá jẹ́ omi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ọmọ yó, ara rẹ̀ kò rí nǹkan gbà.

Ẹ dán ti ilé yín wò lónìí. Ẹ fi ṣíbí bu ògì ọmọ, kí ẹ sì dorí ṣíbí náà kodò. Bó bá dà wàrà lẹ́ẹ̀kan náà, ó ti ṣàn jù. Ó yẹ kó lẹ̀ mọ́ ṣíbí díẹ̀ kó tó já bọ́.

Kíki rẹ̀ nìkan kò tó. Ní ìparí àwọn ọdún 1980, àwọn olùwádìí àti àwọn ìyá ní ìpínlẹ̀ Kwara jọ gbé ẹ̀kọ kan jáde tí wọ́n pè ní Ẹ̀kọ Ìlera. Ẹ̀kọ tí gbogbo ilé mọ̀ náà ni, àmọ́ wọ́n fi ìyẹ̀fun ẹ̀wà yíyan, epo pupa, ṣúgà àti ìyẹ̀fun ọkà tó ti hù sí i. Ìyẹ̀fun ọkà tó ti hù yẹn ní iṣẹ́ tirẹ̀: ó máa ń jẹ́ kí ẹ̀kọ tó ki rọ̀, kí ọmọ lè gbé e mì láìjẹ́ pé a tún bu omi lé e. Kò sí ìkankan níbẹ̀ tí a ń rà láti òkè òkun. Ẹni tí kò bá rí ti ẹ̀wà ṣe lè lo ẹ̀pà yíyan tí a lọ̀ kúnná (ẹ ṣa èyí tó bu dànù), kó gún edé tàbí ẹja gbígbẹ kúnná sí i, kó sì fi ṣíbí epo pupa kékeré kan sí i. Ẹyin sísè tí a fọ́ sínú rẹ̀ dára púpọ̀. Àwọn àgbà kan ṣì ń sọ pé ẹyin ń sọ ọmọ di olè. Èmi kò tíì gbọ́ olè kan tí wọ́n mú tó ní ẹyin ló sún òun débẹ̀.

Láti oṣù 6 sí 8, kí ọmọ jẹun ìgbà méjì sí mẹ́ta lóòjọ́. Láti oṣù 9 lọ, ìgbà mẹ́ta sí mẹ́rin, kó sì máa rí ìpápánu bíi ọ̀gẹ̀dẹ̀, ìbẹ́pẹ tàbí mọ́ínmọ́ín láàárín. Ọmú kò dúró, ó di ọdún 2 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bisikíìtì, súìtì àti ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò kò sí lára ìpápánu tí mo ń wí. Wọ́n ń gba ebi oúnjẹ lára ọmọ ni.

Rírọ ọmọ ńkọ́? Ká gbé ọmọ sí itan, ká fi àtẹ́lẹwọ́ sé e lẹ́nu bí ìkòkò, ká máa da ògì sí i bó ti ń ké? Ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀. Ògì lè gba ọ̀nà èémí bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Àti pé ògì tó bá ṣeé rọ, ògì tó ṣàn ni. Ọmọ tí wọ́n ń rọ lójoojúmọ́ á wá di ẹni tó ń sunkún bó bá ti rí àwo.

Nígbà tí ọmọ bá wá di ọmọ ọdún kan àbọ̀ sí méjì, àwo àjọjẹ ló máa ń jẹ ẹ́ níyà. Wọ́n gbé ẹ̀bà kalẹ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n mẹ́ta yí i ká. Kí ọmọ kékeré tó tu òkèlè kan, tó tẹ̀ ẹ́, tó fi kan ọbẹ̀, àwọn tó kù ti bu márùn-ún. Ẹran, àwo bàbá ló lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bu oúnjẹ ọmọ lọ́tọ̀, kí ẹ lè rí iye tó jẹ. Kí bàbá náà bu nínú ẹran tirẹ̀ fún un.

Bí ara ọmọ kò bá dá

Ọmọ tó ń jẹun dáadáa tún lè rù, nítorí àìsàn ń jẹ èyí tó jẹ. Ìgbẹ́ gbuuru ni olórí wọn. Ìyá á ní, “Eyín ló ń hù.” Eyín kì í fa ìgbẹ́ gbuuru. Ìgbà tí eyín ń hù náà ni ọmọ ń rá, tó ń ki gbogbo ohun tó bá rí nílẹ̀ bọ ẹnu, ibẹ̀ ni kòkòrò ti ń wọlé. Ẹ fún un ní ORS bí ara àpò rẹ̀ ṣe sọ, kí ẹ sì fi síńkì kún un fún ọjọ́ 10 sí 14: mílígíráàmù 20 lóòjọ́, tàbí 10 fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6. Ẹ má dá oúnjẹ rẹ̀ dúró, ẹ má sì já a lẹ́nu ọmú. Ohun tí ọ̀pọ̀ ń gbàgbé ni èyí tó tẹ̀ lé e: bí ìgbẹ́ náà bá dúró, ẹ fi oúnjẹ ẹ̀ẹ̀kan kún iye tó ń jẹ lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ara rẹ̀ tó kọ́fẹ, òmíràn á dé.

Ibà tó ń lọ tó ń bọ̀ náà ń mú ọmọ rù, ó sì ń jẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Aràn wà, pàápàá fún ọmọ tó ti lé ní ọdún kan. Èéyi máa ń ba ẹnu àti ìfun ọmọ jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ìdí nìyẹn tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ní oṣù 9 àti oṣù 15 kò fi ṣeé fojú fò. Bí ọmọ bá ń wúkọ́ ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, tàbí tí ẹnì kan nílé ní ikọ́ ife, ẹ sọ fún dókítà kó tó béèrè. Àyẹ̀wò HIV fún ìyá àti ọmọ náà kì í ṣe èébú. Ìtọ́jú wà, ọmọ tó bá tètè rí i gbà á sì dàgbà bí ẹgbẹ́ rẹ̀.

Àwọn àìsàn kan wà tí a bí mọ́ ọmọ. Bí ọmọ bá ń làágùn nígbà tó ń mu ọmú, tó ń fi í sílẹ̀ láti mí hẹlẹhẹlẹ kó tó tún gbà á, kí wọ́n yẹ ọkàn rẹ̀ wò. Ọmọ tí òkè ẹnu rẹ̀ là kò lè fa ọmú dáadáa. Iṣẹ́ abẹ lè tún un ṣe. Bí ọmọ tó ti kọjá oṣù 6 bá ń wú lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀ tó sì ń ké, tí ẹyinjú rẹ̀ ń di àwọ̀ ìyeyè, ẹ ṣe àyẹ̀wò jẹ́nótáìpù rẹ̀. Nínú 100 ọmọ tí a ń bí ní Nàìjíríà, nǹkan bíi 2 ló ń ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde. Láyé àtijọ́, púpọ̀ nínú irú wọn ni a pè ní àbíkú, tí a kọ ní ilà sára. Lóde òní, oògùn wà fún wọn.

Ìyá àti ilé

Ìwọ̀n ọmọ ti ń bẹ̀rẹ̀ láti inú oyún. Aboyún tí kò jẹun tó, tí ibà ń bá fínra, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tó, lè bí ọmọ tí kò tó kílò 2.5. Kí ó gba oògùn ibà tí wọ́n ń fún aboyún ní kílíníìkì, kó sì sùn sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì. Kí oyún mìíràn má sì dé kí ọmọ tó pé ọdún 2. Bó bá ti dé, kò pọn dandan kí a já ọmọ lẹ́nu ọmú lójijì. Kò sóòótọ́ nínú pé ọmú aboyún ń ṣe ọmọ ní jàǹbá.

Ẹ tún béèrè ẹni tó ń bọ́ ọmọ ní aago 11 òwúrọ̀. Ìyá lè ṣe àlàyé oúnjẹ ọmọ kó péye, bẹ́ẹ̀ aago 6 òwúrọ̀ ló ń kúrò nílé. Ọmọ ọ̀dọ̀ ọlọ́dún mẹ́wàá, tàbí ìyá àgbà tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ló wà pẹ̀lú ọmọ títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹni yẹn ló yẹ kẹ́ ẹ bá sọ̀rọ̀. Ẹ sì wo ìyá náà. Obìnrin tó bímọ tí kì í rẹ́rìn-ín mọ́, tí kì í sùn, tó ń sunkún láìnídìí, àìsàn ni, kì í ṣe ìwà. Òun náà nílò ìtọ́jú kí ọmọ tó lè rí tirẹ̀.

Mi ò ní purọ́, owó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ilé tí kò rí ẹ̀ẹ̀mejì jẹ lóòjọ́ kò nílò ìwàásù. Ṣùgbọ́n mo ti rí ilé tí redíò ńlá wà, tí bàbá ń mu ọtí lálaalẹ́, tí ọmọ wọn ń mu ògì funfun láàárọ̀ àti lálẹ́. Owó tí a fi ń ra ìgò ọtí kan lè ra edé, ẹ̀pà àti ẹyin tí ọmọ máa jẹ fún ọjọ́ mélòó kan.

Kí ẹ tó lọ rí nọ́ọ̀sì

Fún ọjọ́ mẹ́ta, ẹ máa kọ gbogbo ohun tó wọ ẹnu ọmọ sílẹ̀, àti iye rẹ̀, títí kan omi àti àgbo. Ẹ má yọ ìkankan nítorí ìtìjú. Ẹ mú un dání pẹ̀lú káàdì. Ọmọ tó wà láàárín oṣù 6 sí ọdún 5, wọ́n lè fi okùn aláwọ̀ mẹ́ta wọn apá rẹ̀ lókè ìgúnpá. Bó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 12.5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọ̀ ewé ni. Láti 11.5 títí dé ibi tí kò pé 12.5, àwọ̀ ìyeyè ni, kí ẹ tètè ṣàtúnṣe. Bí kò bá tó 11.5, pupa ni, ìtọ́jú ti di dandan lọ́jọ́ náà. Ọmọ bẹ́ẹ̀ tó bá ṣì lè jẹun, tí àìsàn mìíràn kò sì sí, wọ́n lè fún un ní oúnjẹ inú ọ̀rá tí wọ́n fi ẹ̀pà àti mílíìkì ṣe, kó máa jẹ ẹ́ nílé.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹsẹ̀ wíwú o. Omi tó ń wú ọmọ lè mú kí ìwọ̀n rẹ̀ dà bí ẹni pé ó pé. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì díẹ̀, kí ẹ sì gbé e kúrò. Bí ojú ibẹ̀ bá jìn sílẹ̀, tàbí tí ọmọ kò lè mu ọmú mọ́, tó ń bi gbogbo ohun tó jẹ, tó ní gìrì, tàbí tó ń sùn ṣáá tí a kò lè jí i, ẹ má dúró de ọjọ́ kílíníìkì: ẹ gbé e lọ sí ọsibítù tó ní dókítà lójú ẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ òru.